Foonu Tó Mọ Ọwọ́ Ìyàwó

Ilé ìtajà tó wà ní ìkòríta àdúgbò kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sára gíláàsì ẹnu ọ̀nà pé foonu nìkan làwọn fi ń gbowó. Ẹni tó bá kó owó bébà wá lè kó o padà sílé, kó fi ṣe ìrọ̀rí. Ìyẹn nìkan kì bá tí burú, bí foonu bá kàn máa sanwó kó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n foonu ayé ìsinsìnyí ti gba iṣẹ́ adènà: onílé fẹ́ ná owó ara rẹ̀, adènà ní kó kọ́kọ́ ṣàlàyé ta ló ń jẹ́. Wọ́n ní nítorí olè ni. Ó dáa. Àmọ́ kí ẹnìkan ṣáà sọ ìdí tó fi jẹ́ pé olè kì í dúró lórí ìlà, olówó ló ń dúró.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bíríkìlà ni. Ó ti fi ọdún mẹ́tàlélógójì mọ ilé fún ọmọ aráyé, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Gúnrégé, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ògiri gbọ́dọ̀ gún régé. Ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ gún régé. Kódà bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀, á fi ìka tì í díẹ̀ kó lè bá etí tábìlì mu. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ara rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ti jẹ orí ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n ń dán bí òkúta odò. Kò sí ìlà kan ṣoṣo lára wọn mọ́.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti ṣẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n lọ so foonu náà mọ́ àpò owó wọn ní báńkì, obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ní kí Bàbá gbé àtàǹpàkò lé ojú foonu. Ó gbé e lé e. Foonu ní òun kò rí ìka kankan. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tún gbé e lé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé gíláàsì fẹ́ẹ̀ ké. Foonu ní kó jọ̀ọ́, kó gbé ìka lé òun. Bàbá wo obìnrin náà, obìnrin náà wo aago ara ògiri. Ìgbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na ọwọ́ tirẹ̀, ó ní ọwọ́ òun àti ọwọ́ ọkọ òun, ọ̀kan náà ni, ta ni yóò bi àwọn. Bí foonu ṣe mọ ọwọ́ ìyàwó nìyẹn. Obìnrin báńkì tún ní kí Bàbá gbé foonu sókè níwájú ara rẹ̀ kó gún dáadáa, kó wò ó, kí foonu lè mọ ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó gbé e sókè, ó wò ó, foonu dún, wọ́n kí ara wọn pé ó dàbọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá lọ rajà, ọkọ ló ń gbé agbọ̀n, ọkọ ló ń na foonu sí ẹ̀rọ ìgbowó, ìyàwó ló ń tẹ àtàǹpàkò. Wọ́n ṣe é títí ó fi mọ́ wọn lára. Kò sẹ́ni tó tún rántí ọ̀rọ̀ ojú mọ́.

Àfi bí ìyàwó ṣe gun àpótí nílé ìdáná láti mú ìkòkò, tí àpótí yẹ̀, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹfun líle dì í láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Gúnrégé yẹ iṣẹ́ náà wò lókè nísàlẹ̀, ó ní ẹni tó rẹ́ ẹ kò kọ́ṣẹ́ délẹ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín nínú ìrora rẹ̀. Dókítà kò rẹ́rìn-ín.

Àkọ́bí wọn, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńlá kan ní ìlú tó jìnnà tó ìrìn wákàtí mẹ́rin, wá tọ́jú wọn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọmọ náà mọ foonu lò débi pé ó ń fi ọwọ́ kan dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn, tó ń fi ọwọ́ kejì ro oúnjẹ lórí iná. Òun ló ń ra gbogbo nǹkan. Nígbà tó ku ọ̀la kó padà síbi iṣẹ́, ó ní kí Bàbá lọ ra búrẹ́dì kan ṣoṣo kí òun wò ó. Bàbá lọ, ó sì padà wá láìmú nǹkan kan dání. Ọmọ náà jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Búrẹ́dì lásán, ẹ ò lè rà á. Bí mo bá lọ, kí ni Màmá máa jẹ?"

Wọ́n bá a jiyàn, ọmọ náà kò yí ohùn padà. Ó kọ ohun mẹ́fà sínú ìwé: ìrẹsì, ẹyin, búrẹ́dì, mílíìkì, ọṣẹ àti oògùn ìrora. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ní ọ̀sán gangan. Bí òun bá bá ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí tábìlì, Màmá á dúró sílé. Bí òun ò bá bá wọn, òun á gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ òun títí ẹsẹ̀ á fi san, ìyẹn oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Yàrá tó ṣẹ́kù nílé rẹ̀ kò sì gbà ju bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun Gúnrégé wọra. Ọdún mọ́kànlélógójì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jọ wà, wọn kò sì tíì sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ rí. Ilé tí wọ́n ń gbé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mọ ọ́. Ilé ìtajà mìíràn wà tó ṣì ń gba owó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀, ìyàwó kò sì lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìsí ẹni tó máa dì í mú. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ọmọ wọn ti lọ.

"Èmi ò lọ síbì kankan," ìyàwó ní. "Ọmọ mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ilé mi rèé. Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sanwó."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyàwó dá ọgbọ́n kan. Ó fi àtàǹpàkò ṣí foonu nílé, ó ní kí ọkọ òun máa fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀ lọ lójú ọ̀nà kó má baà sùn. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Gúnrégé ń rìn, ó ń fi ìka ra foonu bí ẹni ń tu ọmọ tó ń sunkún nínú. Aládùúgbò kan kí i, ó fi ìgúnpá dá a lóhùn. Ó gbọn iyanrìn kúrò nínú bàtà láìdúró. Ó dé ilé ìtajà, foonu ṣì lajú, inú rẹ̀ dùn. Ó kó ọjà síwájú obìnrin agbowó, ẹni tó so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn pẹ̀lú okùn, ó na foonu sí ẹ̀rọ. Foonu ní òun mọ̀ pé wọ́n ti ṣí òun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó lèyí, kó tún gbé ìka lé òun.

Ó gbé e lé e. Rárá. Foonu ní bí kò bá ní ìka, kó mú ojú wá. Ó la ojú rẹ̀ méjèèjì rangandan, ó wo foonu bí ìgbà tí adájọ́ bá ń wo ọ̀daràn. Foonu ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, foonu ti ara rẹ̀ pa, ó ní kó padà wá lẹ́yìn wákàtí kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń mí kanlẹ̀. Ọkùnrin kan tó di ọṣẹ ìfọyín kan ṣoṣo mú bi í bóyá foonu jíjí ni. Gúnrégé kó ọjà padà sórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tò wọ́n kí wọ́n gún.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó lọ pẹ̀lú nọ́ńbà àṣírí. Ìyàwó ti sọ fún un pé téèyàn bá tẹ nọ́ńbà náà, foonu á gbàgbé ọ̀rọ̀ ìka. Orí ìka rẹ̀ tóbi ju àwọn nọ́ńbà náà lọ, bó bá tẹ mẹ́rin, á tẹ márùn-ún mọ́ ọn. Ó fi oríkèé ìka tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Kó tó yọ̀ tán, foonu ní ó ku kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà tí báńkì fi ránṣẹ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, kó kọ ọ́ síbí láàárín ìṣẹ́jú kan. Inú foonu kan náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ wà. Ó kúrò níbi tí wọ́n ti ń sanwó, ó lọ wo kóòdù, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó má baà gbàgbé, ó padà wá, ibi ìsanwó ti pa ara rẹ̀ dé. Foonu ní kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣe irú nǹkan báyìí fún àgbàlagbà, ẹ jẹ́ kí ó dúró sórí ìlà wò lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìyá kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ káàánú rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí òun bá a san án. Gúnrégé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì kọ̀. Kàkà kí kìnìún ṣe akápò ẹkùn, oníkálukú á ṣọdẹ tirẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ra ìrẹsì náà, ọmọ rẹ̀ ló jàre nìyẹn, Màmá á sì lọ.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó gbára dì, kò tilẹ̀ débi kóòdù. Foonu ní nítorí pé ẹnìkan ti ń gbìyànjú láti wọlé lọ́nà tí kò tọ́, àwọn ti fi ìgbésẹ̀ kan kún un fún ààbò rẹ̀. Nọ́ńbà àṣírí nìkan kò tó mọ́. Ó di dandan kó fi ìka tàbí ojú ti nọ́ńbà lẹ́yìn. Ó jókòó sórí àga onígi níwájú ilé ìtajà, ó pe báńkì. Ẹ̀rọ ló gbé e. Ó ní kó tẹ ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kó tẹ mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí kọrin fún un. Lẹ́yìn orin kẹta, ọmọbìnrin kan dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ yí ìka tàbí ojú padà gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, àyè tó sì ṣí sílẹ̀ di Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gúnrégé ní Sátidé lòun ń wá. Ọmọbìnrin náà bi í bóyá ohun mìíràn wà tí òun lè bá wọn ṣe lónìí.

Ó délé, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Inú bí i, ojú sì tì í, ìtìjú yẹn ló tilẹ̀ burú jù. Ó ti mọ ilé alájà mẹ́ta rí nínú òjò. Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní bó bá wà lórí iṣẹ́, tí ògiri kan sì ń wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ni yóò ṣe.

"Màá tò ó ní gbígbẹ," ó ní.

Iṣẹ́ bíríkìlà gidi nìyẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í sáré po sìmẹ́ńtì. Á kọ́kọ́ to búlọ́ọ̀kù ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìfi nǹkan kan lẹ̀ wọ́n, á wo ibi tí wọn kò ti tó, ibi tí wọ́n ti pọ̀ jù, á tú u, á tún un tò. Ìgbà tó bá gún ní gbígbẹ ni á tó da omi sí sìmẹ́ńtì. Bí Gúnrégé ṣe dìde nìyẹn. Ó gbé pátákó kan sórí àga kó fi ṣe tábìlì ìsanwó, ó fi ẹfun ìkọ̀wé kọ ìgbésẹ̀ mẹ́rin sára rẹ̀, ó gbé páálí ìṣáná lé e dípò ẹ̀rọ ìgbowó.

Ní gbogbo ọjọ́ Tọ́sìdeè, wọ́n ń tò ó ní gbígbẹ. Ìyàwó ni agbowó, ìyàwó náà ni èrò ẹ̀yìn. Bí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́, á pòṣé láti orí bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fi ọmọ sílẹ̀ nílé o." Kóòdù ni wọ́n kọ́kọ́ borí. Gúnrégé ṣàkíyèsí pé bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, ó máa ń yọjú lókè foonu fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó wọlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lè tètè mú un níbẹ̀ kò nílò láti kúrò níbi ìsanwó. Kò sí bíríkìlà tí kò ní pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, kò sì sí èyí tí kì í kọ ìwọ̀n sára ohun tó bá sún mọ́ ọn. Ìyàwó ń pe nọ́ńbà mẹ́fà-mẹ́fà kánkán, ọkọ ń yọ pẹ́ńsùlù, ó ń kọ ọ́ sí apá òsì rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mẹ́ta ló ń mú. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, kò sí èyí tó ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ojú ló kù. Lọ́jọ́ Fúráìdeè, ó wo foonu láti àárọ̀. Ó wò ó pẹ̀lú fìlà, ó wò ó láìsí fìlà. Ó fá irùngbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì lejú mọ́ ọn. Foonu ní òun kò mọ̀ ọ́n. Nígbàkigbà tó bá ti ara rẹ̀ pa, wọ́n á dúró de wákàtí, ìyàwó á fi àtàǹpàkò ṣí i, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, ó rẹ ìyàwó, ó ní bóyá kí àwọn gba kádàrá, oṣù mẹ́ta kì í ṣe ọdún mẹ́ta.

Gúnrégé ní òun kò gbà. Ó ní nǹkan kan ni kò gún. Ó gbé foonu sókè ní gígùn apá, ó di ojú òsì, ó fi ojú ọ̀tún wo etí rẹ̀ bó ṣe máa ń wo ògiri láti mọ̀ bóyá ó tẹ̀.

Foonu dún. Ó ṣí sílẹ̀.

Ìyàwó ní kó tún un ṣe. Ó pa foonu, ó gbé e sókè, ó di ojú òsì, foonu tún ṣí. Ó la ojú méjèèjì, foonu ní òun kò mọ̀ ọ́n.

"Kí ni obìnrin báńkì yẹn sọ fún yín lọ́jọ́sí?" ìyàwó bi í.

"Ó ní kí n gbé e sókè kó gún."

"Ẹ wá di ojú kan."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó gún?"

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, ó ń fi ọwọ́ kan di itan mú, ó sì ń fi èkejì nu omijé. Ọdún méjì gbáko ni foonu fi ń wá ọkùnrin olójú kan tó mọ̀, tí ọkùnrin olójú méjì sì ń dà á láàmú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Gúnrégé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ó kó ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síwájú agbowó. Obìnrin náà rí i, ó rọra gbé gíláàsì sójú, ó bi í bóyá kí òun pe ọ̀gá. Ó ní kó má ṣèyọnu. Ó na foonu, ó di ojú òsì, foonu mọ̀ ọ́n. Ó fi oríkèé ìka tẹ nọ́ńbà àṣírí. Ó fa pẹ́ńsùlù yọ kí kóòdù tó wọlé, ó mú un lókè foonu, ó kọ ọ́ sí apá, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìgbowó dún lẹ́ẹ̀kan, ìwé rísíìtì jáde. Ó gbà á, ó ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sínú fìlà.

Nígbà tí ọmọ wọn dé ní ọ̀sán gangan, ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí tábìlì, wọ́n tò tẹ̀léra, ẹ̀yìn wọn bá ara wọn dọ́gba. Ọmọ náà wò wọ́n, ó wo bàbá rẹ̀.

"Ta ló bá yín san án?" ó ní.

Bàbá ní kò sẹ́ni kankan. Ó na rísíìtì sí i. Ọmọ náà ní rísíìtì kò sọ ẹni tó tẹ foonu. Kò pariwo, kò sì fi ọ̀rọ̀ gún wọn lára, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló dun Gúnrégé jù, nítorí ọmọ náà ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọdún márùn-ún sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n fẹ́ dúró pọ̀, òun kò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n bí aláàánú bá san án lónìí, ta ni yóò san án lọ́la. Ó fa báàgì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú kan, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ ló ń jọ irọ́ sí i. Ọmọ náà gbọ́ ọ dé ìdajì. Ó ní wọn ò lè rìn wákàtí mẹ́rin láìsí omi mímu àti ìrọ̀rí kékeré tí wọ́n máa fi gbé ẹsẹ̀ náà ró nínú ọkọ̀, ó mú foonu tirẹ̀, ó lọ sí ilé ìtajà.

Gúnrégé jókòó. Kò wo báàgì náà, ìyàwó rẹ̀ kò sì wò ó.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí ọmọ náà tó padà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo ilẹ̀. Báńkì rẹ̀ ti fi ìgbésẹ̀ ààbò tuntun kún un lọ́sẹ̀ náà, wọ́n sì rí i pé ìlú mìíràn ló ti fẹ́ náwó. Wọ́n gba ìka, wọ́n gba ojú, wọ́n gba nọ́ńbà, wọ́n wá fi kóòdù ránṣẹ́ sí foonu ọ́fíìsì rẹ̀, èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ní ìrìn wákàtí mẹ́rin sí ibi tó dúró sí. Ó ní àwọn tó wà lẹ́yìn òun ń pòṣé. Ó ní ọkùnrin kan bi òun bóyá foonu jíjí ni.

Ó ṣeé ṣe fún bàbá mìíràn láti rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kó sì pòwe mẹ́ta. Gúnrégé dìde, ó dé fìlà, ó yẹ etí rẹ̀ wò bóyá pẹ́ńsùlù wà níbẹ̀.

"Ká lọ," ó ní. "Àwọn ènìyàn yẹn á sọ ọ́ di olè lásán."

Ìlà gùn nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ọmọ ló gbé ìrọ̀rí àti omi, bàbá ló mú foonu. Nígbà tó kàn wọ́n, ó na foonu sókè ní gígùn apá, ó di ojú òsì. Ọmọ náà rò pé nǹkan kó sí i lójú, ó fẹ́ bá a fẹ́ ẹ.

"Dákẹ́ ná," ó ní. "Kò tíì gún."

Foonu dún. Ó tẹ nọ́ńbà àṣírí pẹ̀lú oríkèé ìka, ó fa pẹ́ńsùlù yọ, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè kó lè ráyè kọ kóòdù. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti rí apá bàbá rẹ̀. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, nọ́ńbà ló kún un, mẹ́fà-mẹ́fà, ìlà lórí ìlà, bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Àwọn kan ti ń parẹ́, wọ́n ti fi ọṣẹ bó wọn, wọn ò lọ tán. Wọ́n á tó ogójì. Bàbá kò ráyè rẹ̀, ó ń wá àlàfo. Ó rí ọ̀kan nítòsí ìgúnpá, ó kọ kóòdù síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dún lẹ́ẹ̀kan, agbowó fún un ní rísíìtì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Lójú ọ̀nà, ọmọ náà di apá yẹn mú, ó fi àtàǹpàkò ra àwọn nọ́ńbà náà.

"Ọjọ́ wo lẹ ṣe gbogbo èyí?" ó bi í.

"Tọ́sìdeè," ó ní. "Ìyá rẹ ló ń pè é. Kì í fúnni láyè mí."

Wọ́n délé. Ọmọ náà wọ yàrá lọ, ó gbé ìrọ̀rí tuntun náà sábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ níbi tó sùn sí. Ó fa báàgì sọ́dọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ aṣọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Gúnrégé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Nígbà tí ọmọ náà ti kọ́bọ́ọ̀dù tán, ó lọ ṣí i, ó fi ìka ti ìlà aṣọ òkè díẹ̀ sápá ọ̀tún, ó sì tún un tì.